Wọ́n Rò Pé Mi Ò Gbọ́ Yorùbá, Mo Sì Ta Jọláyẹmí

Ẹ má bá mi kẹ́dùn o. Ẹni tó bá ní àánú lọ́wọ́, kó gbé e lọ fún ìyàwó Jọláyẹmí. Èmi, ńṣe ni kẹ́ ẹ bú mi. Mo ti bú ara mi títí, kò tíì tó.

Mò ń kánjú kọ ọ́ ni. Ìwé mi ò pọ̀, ọdún kan ṣoṣo ni mo lò ní sẹ́kọ́ńdìrì àgbà, nítorí náà bó ṣe ń jáde lẹ́nu mi ni mò ń kọ ọ́ yìí. Àwọn kan ń wá mi kiri Sókótó. Ẹ̀rù ń bà mí. Ṣùgbọ́n ìbínú tó wà nínú mi ju ẹ̀rù lọ, òun ló jẹ́ kí n lè di bírò mú.

Orúkọ mi ni Sàlíhù. Ìyá mi, Zahrau, Hausa ni, ọmọ Wamakko. Bàbá mi, Tíṣà Ọlábíyìí, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, Mùsùlùmí, Sókótó ló ti ṣe tíṣà títí ó fi kú. Òun ló kọ́ mi ní Yorùbá. Nínú ilé wa, èmi àti òun nìkan la gbọ́ ọ. Nígbà tó kú, mi ò rí ẹni bá sọ ọ́ mọ́. Tí mo bá jáde, kò sẹ́ni tó máa wò mí tó máa rò pé mo ní bàbá Yorùbá. Ojú mi, fìlà mi, ẹnu mi, ti Hausa ni gbogbo ẹ̀.

Mo wá ń ta tíì ní Kalambaina, níwájú ọgbà kọ̀ǹtírákítọ̀ kan tó ń wa òkúta ìkọ́lé. Mai shayi ni gbogbo èèyàn ń pè mí, alátíì nìyẹn. Àwọn dírẹ́bà típà tó ń kó òkúta jáde látinú kòtò, Yorùbá ló pọ̀ jù nínú wọn. Ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ti ń mu tíì láàárọ̀ kí wọ́n tó wọ ọkọ̀.

Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo gbé kẹ́tùlù kalẹ̀ níbẹ̀, dírẹ́bà kan tí wọ́n ń pè ní Ṣeun, aláwàdà ẹ̀dá, wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, ó wá yíjú sí àwọn yòókù.

"Ẹ wo Gàm̀bàrí yìí bó ṣe ń fa tíì gùn. Ó rò pé màlúù lòun ń fún wàrà ẹ̀. Ṣé ó tiẹ̀ fọwọ́?"

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín.

"Ṣeun, yé bú ọmọ ọlọ́mọ," ni ẹnìkan wí. Jọláyẹmí nìyẹn, àgbà inú wọn, ọmọ Ọ̀yọ́. Ó yíjú sí mi, ó kó gbogbo Hausa tó mọ̀ jáde lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo: "Ina kwana lafiya nagode sai an jima!" Ó ti kí mi káàárọ̀, ó ti dúpẹ́, ó sì ti dágbére, kó tó gba tíì.

Ẹ̀yin tó ń kà á, ibẹ̀ gan-an ni mo ti ṣìnà. Ṣebí ẹnu lásán ni mo máa là, kí n ní, "Ẹ ṣeun, bọ̀dá, mo ti fọwọ́." Ojú á ti Ṣeun, a ó jọ rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ tán. Ìbínú ò jẹ́. Mo ní kí wọ́n máa sọ ọ́ lọ. Gàm̀bàrí ni mí, àbí? Ó dáa.

Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mọ́ mi. Ẹ ò mọ bó ṣe ń dùn tó kí èèyàn máa tú ikùn ẹ̀ síwájú yín torí ó kà yín kún bẹ́ǹṣì tó jókòó lé. Mo mọ dírẹ́bà tí ìyàwó ẹ̀ ti lé kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì, tó ń sùn lórí àga. Mo mọ̀ pé Tọ́lá, tó kéré jù nínú wọn, máa ń gbàdúrà ní gbogbo ìgbà tó bá ń sọ̀kalẹ̀ sínú kòtò torí ẹ̀rù ń bà á. Mo mọ gbogbo wọn. Wọn ò mọ̀ mí.

Ẹni kan ló mọ̀ mí.

Ọ̀gá tó ni ọgbà yẹn, Adébíyì lorúkọ ẹ̀, Yorùbá lòun náà. Àárín ọ̀sán kan, kò sí ẹnikẹ́ni lórí bẹ́ǹṣì, ó sọ̀ kalẹ̀ nínú jíìpù, ó gba tíì, ó tọ́ ọ wò.

"Ọmọ Tíṣà," ló wí ní Yorùbá, láìwò mí, "ṣúgà ẹ pọ̀ jù."

"Ban gane ba, Alhaji," ni mo dá a lóhùn. Mo ní mi ò gbọ́ nǹkan tó sọ.

Ó rẹ́rìn-ín. "Ìwọ lo ní o ò gbọ́? Èmi àti bàbá ẹ jọ mú ṣọ́ọ̀kì ní ilé-ìwé kan náà kí n tó di kọ̀ǹtírákítọ̀. Ẹ̀yìn kíláàsì ẹ̀ lo máa ń jókòó sí lẹ́yìn tí ilé-ìwé bá ti parí, tí á máa fi Yorùbá bi ẹ́ ní ìṣirò. Etí ẹ méjèèjì yìí ni. Mo mọ̀ wọ́n."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í nu kọ́ọ̀pù tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀.

"Fọkàn ẹ balẹ̀, mi ò ní sọ fún wọn," ló wí. "Ìwọ náà, má sọ fún wọn. Kí lo fẹ́ nínú ayé ẹ, ọmọ Tíṣà?"

Ọdún mẹ́fà ni bàbá mi ti kú, kò sẹ́ni tó tún bi mí ní irú ìbéèrè yẹn. Ẹnu mi kàn ṣí ni.

"Mo fẹ́ wa típà, sà."

"Bàbá ẹ á fẹ́ kí n ràn ẹ́ lọ́wọ́. Màá kọ́ ẹ fúnra mi. Màá bá ẹ ṣe láísẹ́ńsì. Ìwọ náà á máa bá mi fetí sílẹ̀."

"Ṣé kí n máa ṣe amí yín, sà?"

Ojú ẹ̀ le. "Ta ló ń sọ̀rọ̀ amí? Ogun ni amí wà fún. Ọmọ kì í ṣe amí fún bàbá ẹ̀. Ó kàn ń sọ ohun tó gbọ́ fún un ni."

Ẹ wo bó ṣe lọ́ ọ! Ẹ wo bó ṣe fi òkú bàbá mi bò mí lójú! Tí n bá ti rántí gbólóhùn yẹn, ńṣe ni mo máa ń fẹ́ gbé kẹ́tùlù gbígbóná dà sórí ara mi.

Ọ̀sán Sọ́ńdè kan, tí ọgbà dá páropáro, ó gbé mi jókòó sídìí típà. Ó ní kí n tẹ kíláàṣì, kí n fi sí jíà, kí n rọra tú u sílẹ̀. Ọkọ̀ náà gbéra bí ràkúnmí tó fẹ́ dìde, ó sọ mí síwájú, ó sọ mí sẹ́yìn, ó wá ń lọ. Èmi! Èmi tí kò parí ìwé! Mo rí gbogbo Kalambaina láti òkè. Mo pariwo, Adébíyì náà pariwo, ó gbá mi lẹ́yìn, ó ní, "Ọmọ Tíṣà!"

Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni mo fi ìròyìn àkọ́kọ́ ránṣẹ́ sí i.

Mi ò lè kọ Yorùbá dáadáa nígbà yẹn lórí fóònù, nítorí náà mo máa ń lọ sẹ́yìn àtíbàbà mi, màá káwọ́ bo ẹnu, màá sọ ọ́ sínú Wátsáàpù. Ọ̀rọ̀ kékeré ni níbẹ̀rẹ̀. Dírẹ́bà kan tó ń fa epo dísù lára ọkọ̀ tà. Òmíràn tó ní òun máa purọ́ àìsàn. Adébíyì á fi ohùn tiẹ̀ dá mi lóhùn: "O káre, ọmọ Tíṣà." Ó lé ẹni tó fa dísù sílé fún ọ̀sẹ̀ méjì. Àwọn dírẹ́bà ní mágàdì ẹnu ọ̀nà ló tú àṣírí, wọ́n ń wò ó bí ìgbẹ́. Mo bu tíì fún mágàdì náà. Mo bá a kẹ́dùn.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe wà títí Ṣeun fi kú.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni, nǹkan bí aago mẹ́wàá. Ṣeun ti mu tíì tèmi láàárọ̀, ó ti bú mi bó ṣe máa ń ṣe, ó ti lọ. Mò ń da tíì sínú kọ́ọ̀pù fún Ìyá Àlímátù, ará Ìlọrin tó ń ta kókó àti àkàrà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, nígbà tí Tọ́lá sáré dé.

"Ṣeun ti kú o! Bíréèkì ò mú! Ọkọ̀ ń gun òkè bọ̀ pẹ̀lú ẹrù, ó fi ẹ̀yìn gbé e padà sínú kòtò! Ó ti kú o!"

Tíì dà sí mi lẹ́sẹ̀. Mi ò tiẹ̀ mọ̀ pé ó gbóná. Ó ṣe díẹ̀ kí ẹnìkan tó rántí pé ó yẹ kí wọ́n sọ fún èmi náà ní Hausa. Mo wá káwọ́ lérí, mo ní "Subhanallahi," bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́.

Ìyá Àlímátù ń wo ẹsẹ̀ mi tó ń rú èéfín.

Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, ìròyìn ti jáde láti ọ́fíìsì Adébíyì: Ṣeun mutí yó. Ọtí wo? Tíì mi ló mu! Ọwọ́ mi yìí ni mo fi bù ú fún un! Mo fẹ́ kígbe, àmọ́ mai shayi ò gbọ́ Yorùbá, mai shayi ò mọ nǹkan kan.

Jọláyẹmí ò fi ọ̀rọ̀ náà ṣeré. Kí Adébíyì tó ní kí wọ́n lọ gé ọkọ̀ yẹn sí wẹ́wẹ́, òun ti wọ inú kòtò, ó ti tú láínìn bíréèkì ẹ̀yìn kúrò, nǹkan tó yẹ kó di táyà mú kí ọkọ̀ dúró. Ó mú un wá sórí bẹ́ǹṣì mi nínú àpò ráìsì, ó fi han àwọn yòókù. Ó ti jẹ títí ó fi kan irin.

"Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń yẹ ibi iṣẹ́ wò ń bọ̀ ní Ọjọ́rú," ni Jọláyẹmí wí. "Ojú wọn ni màá gbé e sí. Ẹni tó bá ní Ṣeun mutí, kó wá sọ bóyá bíréèkì náà mutí."

"Bọ̀dá, níbo lẹ máa fi í pamọ́ sí?" Tọ́lá ló bi í.

"Inú àpò èédú Ìyá Àlímátù. Ta ló máa tú èédú wò?"

Gbogbo èyí níwájú mi. Báwo ni mo ṣe jìnnà sí wọn tó? Ìwọ̀n apá méjì péré. Jọláyẹmí na kọ́ọ̀pù sí mi pé kí n fi kún un, ó ní "nagode, nagode," ẹ̀rín sì wà lójú ẹ̀.

Ọjọ́ mẹ́ta ni mi ò fi ìròyìn kankan ránṣẹ́. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀. Mi ò ní kẹ́ ẹ yìn mí, mo kàn ní kẹ́ ẹ mọ̀ ni. Mo ní, Sàlíhù, èyí yàtọ̀. Èyí kì í ṣe dísù. Òkú wà nínú èyí.

Ní ọjọ́ kẹrin Adébíyì pè mí wá sí ọ́fíìsì. Kò bínú. Ó gbé nǹkan pẹlẹbẹ kan sílẹ̀ lórí tábìlì, ó fi ìka tì í sọ́dọ̀ mi. Láísẹ́ńsì ni. Àwòrán mi wà lára ẹ̀. Orúkọ mi wà níbẹ̀, ti bàbá mi tẹ̀ lé e: Sàlíhù Ọlábíyìí. Láti ìgbà tí mo ti kúrò ní ilé-ìwé, mi ò rí orúkọ méjèèjì lójú kan rí.

"O rẹwà nínú ẹ̀," ló wí. "Bíi bàbá ẹ. Kí ni àwọn èèyàn mi ń sọ?"

"Wọn ò sọ nǹkan kan, sà."

Ó fa láísẹ́ńsì náà padà díẹ̀. Díẹ̀ báyìí. "Wọn ò sọ nǹkan kan?"

Mo padà sẹ́yìn àtíbàbà mi. Mo mú fóònù. Mo sọ ọ́.

Mo sọ pé láínìn wà nínú àpò èédú. Ó ní ta ló tú u? Mo sọ ìyẹn náà.

Ọjọ́rú, aago mẹ́jọ àárọ̀, ọlọ́pàá dé ṣíwájú àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba. Wọn ò yẹ ibòmíràn wò. Ọ̀gangan àpò èédú ni wọ́n lọ. Wọ́n dà á sílẹ̀, wọ́n fi bàtà gbá àdògán Ìyá Àlímátù ṣubú, kókó dànù. Wọ́n mú láínìn náà, wọ́n ní Jọláyẹmí jí ẹ̀yà ara ọkọ̀ ilé iṣẹ́.

Jọláyẹmí ò bá wọn jà. Bí wọ́n ṣe ń tì í sínú ọkọ̀, ó ní, "Ẹ bá mi sọ fún ìyàwó mi kó má sunkún níwájú àwọn ọmọ." Ó wá yí ojú ká gbogbo wa. "Ẹni tó sọ ọ́ wà níbí yìí."

Ó wò mí kọjá. Ó wo gbogbo Yorùbá tó wà níbẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, èmi, ó wò mí kọjá bí ẹni wo òpó.

Ọ̀sán ọjọ́ yẹn, àwọn dírẹ́bà ranjú mọ́ Tọ́lá. Ṣé òun kọ́ ló lọ sí ọ́fíìsì lọ́jọ́ Mọ́ńdè? Ó ní ìwé ìsinmi lòun lọ gbà. Wọ́n ní irọ́ ni.

"Mo fi ọmọ mi búra!" ló ń pariwo. "Bọ̀dá, mo fi ọmọ mi kan ṣoṣo búra!"

Wọ́n lù ú níwájú mi. Ẹnìkan gbá a lẹ́nu, eyín ẹ̀ kan já bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ǹṣì. Wọ́n lé e lọ. Mo fi ẹsẹ̀ wọ́ iyanrìn bo eyín náà. Ohun tí mo ṣe nìyẹn. Ẹ̀yin náà, ẹ gbọ́ ọ kẹ́ ẹ sì bú mi.

Mo sáré lọ bá Adébíyì. Mo ní, "Sà, wọ́n ti lu ẹlòmíràn nítorí mi." Ó ní, "Tọ́lá? Ó ti pẹ́ tí mo ti fẹ́ kó lọ. Oṣù tó ń bọ̀, ọkọ̀ Jọláyẹmí á di tìẹ."

Mi ò mọ ìgbà tó bọ́ lẹ́nu mi. "Sà, ṣé bíréèkì ẹ̀ dáa?"

Ó wò mí títí. Ó bú sẹ́rìn-ín. "Ìwọ náà ti di ọmọ ẹgbẹ́ yúníọ̀nù?"

Kò dá mi lóhùn o! Ẹni tó ní òun dà bíi bàbá mi, kò lè sọ fún mi pé ọkọ̀ tóun fẹ́ gbé mi sí máa dúró tí mo bá ní kó dúró!

Ó yẹ kí n ti lọ jẹ́wọ́ lójú ẹsẹ̀ yẹn. Mi ò lọ. Àwọn dírẹ́bà ló mú mi.

Ọ̀sán ọjọ́ kejì, oòrùn mú bí iná, àwọn dírẹ́bà jókòó lórí bẹ́ǹṣì. Mo lóṣòó sídìí iná mi, ẹsẹ̀ lásán. Ìyá Àlímátù ń ṣa ẹ̀wà àkàrà lórí àtẹ. Kò gbójú sókè. Ohùn ẹ̀ tutù, bí ìgbà tí èèyàn ń bèèrè iyọ̀.

"Ẹ rọra o," ló wí ní Yorùbá. "Ẹ má pariwo, kó má baà ta á. Àkekèé kan ti rá dé ẹ̀yìn ẹsẹ̀ mai shayi."

Mo fò! Mo fò tí mo fi ta kẹ́tùlù nù, mo dé ìdí ògiri kí n tó wẹ̀yìn. Mo wolẹ̀. Iyanrìn lásán ni. Kò sí àkekèé.

Mo gbójú sókè. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

Ìyá Àlímátù gbé àtẹ kalẹ̀. "O káàbọ̀ o, ọmọ mi," ló wí. "Kí lorúkọ tí bàbá ẹ sọ ẹ́?"

"Ban gane ba, Iya," ni mo wí.

"O ò gbọ́? Mi ò pè é ní kunama o, àkekèé ni mo ní. Ta ló túmọ̀ ẹ̀ fún ẹ tó o fi fò bí ẹtù? Ọjọ́ tí Ṣeun kú, ta ló túmọ̀ ẹ̀ fún ẹ tó o fi da tíì gbígbóná sí ara ẹ lẹ́sẹ̀?"

Dírẹ́bà kan ti di ọrùn aṣọ mi mú. Òmíràn ti yọ fóònù lápò mi. Wọ́n fi ìka mi ṣí i. Wọ́n rí orúkọ Adébíyì lókè pátápátá nínú Wátsáàpù. Wọ́n tẹ ohùn kan níbẹ̀.

Ẹ̀yin èèyàn, ẹ má jẹ́ kí ọjọ́ kan dé tí ẹ máa gbọ́ ohùn ara yín báyìí.

"Ọ̀gá, ẹ káàsán, sà. Inú àpò èédú Ìyá Àlímátù ni wọ́n fi láínìn bíréèkì ọkọ̀ Ṣeun pamọ́ sí. Ọjọ́rú ni wọ́n fẹ́ gbé e fún àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba."

Yorùbá tó já gaara. Yorùbá Ògbómọ̀ṣọ́.

"Ṣé ọmọ wa ni?" ni ẹnìkan béèrè wúyẹ́wúyẹ́.

Ẹ mọ bí Wátsáàpù ṣe ń ṣe. Tí ohùn kan bá parí, èyí tó tẹ̀ lé e á bẹ̀rẹ̀ fúnra ẹ̀. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Ohùn Adébíyì jáde: "Ta ló tú u?" Tèmi tẹ̀ lé e: "Bọ̀dá Jọláyẹmí ni, sà." Ti Adébíyì tún jáde, inú ń bí i nínú ìyẹn:

"Jọláyẹmí! Kí ló kàn án? Láti inú ààwẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé bíréèkì yẹn ti jẹ tán. Ṣeun ní òun ò wà á, mo ní kó wà á tàbí kó lọ sílé. Ṣé èmi ni mo ní kó kú ni? Pa ohùn yìí rẹ́ tó o bá ti gbọ́ ọ."

Mi ò pa á rẹ́. Ẹ má pè é ní ọgbọ́n, kì í ṣe ọgbọ́n. Mi ò kí ń pa ìkankan nínú ohùn ẹ̀ rẹ́ torí ó máa ń pè mí ní ọmọ Tíṣà.

Ìgbátí àkọ́kọ́ gbé mi lulẹ̀. Wọ́n ń gbá mi ní ìpá. "Amí! Ọmọ àlè! Ọ̀tá ilé!" Ìyá Àlímátù ló fi ara ẹ̀ sáàárín.

"Ẹ fi í sílẹ̀! Lánàá ẹ lu ẹni tí kò ṣẹ̀. Ọwọ́ yín ò mọ́ tó láti lu ẹni tó ṣẹ̀." Ó tẹ̀ ba lé mi lórí. "Dìde. Kí ojú mi má tún rí ẹ."

Mo sáré. Fóònù mi wà lọ́wọ́ wọn. Wamakko ni mo sá lọ, sí àgbàlá àwọn èèyàn ìyá mi. Mo jẹ́wọ́ gbogbo ẹ̀ fún ìyá mi. Ó gbọ́ ọ tán, ó sọ ọ́ ní èdè tiẹ̀: "Ni ban haifi ɗan leƙen asiri ba." Ó ní òun ò bí amí.

"Ọkùnrin yẹn, ṣé ó ṣì wà ní àtìmọ́lé?" ló bi mí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá."

"Ìwọ sì ń jẹ tuwo mi?" Ó gbé abọ́ kúrò níwájú mi. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń ṣe mí lójoojúmọ́: ó gbé oúnjẹ sílẹ̀, ó béèrè bóyá ọkùnrin yẹn ti jáde, ó gbé e kúrò. Màmá rẹ̀ ló ń fún mi ní kókó lẹ́yìn ẹ̀.

Ní ọjọ́ kejìlá, Ìyá Àlímátù wọlé pẹ̀lú àgùnbánirọ̀ kan, lọ́yà, Bọ́lánlé lorúkọ ẹ̀. Ìyá Àlímátù ò wò mí. Ìyá mi ló kí, ní Hausa, wọ́n di ọwọ́ ara wọn mú pẹ́.

Bọ́lánlé ní, "A ti gbé ohùn yẹn fún àwọn ọlọ́pàá. Adébíyì ní òun kọ́, ó ní kọ̀ǹpútà ni wọ́n fi ṣe é. Ohùn lásán ò ní ẹsẹ̀. Ẹni tó fi tiẹ̀ ránṣẹ́ gbọ́dọ̀ wá fẹnu ara ẹ̀ sọ pé èmi ni, bó ṣe ṣẹlẹ̀ rèé."

"Tí n bá wá, kí ni wọ́n máa ṣe fún mi?"

"Wọ́n lè mú ìwọ náà. Mi ò ní purọ́ fún ẹ."

Mo wo Ìyá Àlímátù. Mo ní, "Ìyá, ẹ̀rù ń bà mí."

"Kí ó máa bà ẹ́," ló wí. "Ẹ̀rù ò ní kí ẹsẹ̀ má rìn."

Mo lọ. Mo sọ gbogbo ẹ̀ fún ọlọ́pàá: Sọ́ńdè, láísẹ́ńsì, èédú, tíì tí Ṣeun mu láàárọ̀ ọjọ́ tó kú. Ọlọ́pàá tó ń kọ ọ́ sílẹ̀ gbé bírò kalẹ̀, ó ní, "Kai! Ìwọ yìí, ẹ̀yìn ta lo tiẹ̀ wà gan-an?" Wọ́n tì mí mọ́lé fún ọjọ́ mẹ́ta, ẹ̀gbọ́n ìyá mi ló gba béèlì mi. Wọ́n fi Jọláyẹmí sílẹ̀. Ẹjọ́ ikú Ṣeun ló kù báyìí, wọ́n ti gbé Adébíyì lọ sí kóòtù.

Láti ìgbà náà ni nọ́ńbà tí mi ò mọ̀ ti ń pe fóònù ìyá mi. Ẹni náà kì í pariwo. "Sọ fún ọmọ ẹ kó rántí pé Sókótó kéré." Ẹ̀ẹ̀kẹta nìyẹn lọ́sẹ̀ yìí.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń kà mí, ẹni tó bá sọ fún yín pé òun dà bíi bàbá yín kó tó sọ ohun tó fẹ́ kẹ́ ẹ bá òun ṣe, ẹ sá fún un! Ẹni tó bá sì bú yín ní èdè tó rò pé ẹ ò gbọ́, ẹ dá a lóhùn lójú ẹsẹ̀. Ẹ bú u padà tó bá gbà bẹ́ẹ̀. Ìbínú tí mo gbé mì láàárọ̀ ọjọ́ kan, òun ló bí gbogbo èyí.

Kasuwar Kara, ọjà ẹran ọ̀sìn, ni mo ti ń ṣiṣẹ́ báyìí, mò ń ru koríko àgùntàn. Lánàá, mo gbé ẹrù kalẹ̀, mo rí ẹsẹ̀ ẹnìkan níwájú mi. Mo gbójú sókè. Jọláyẹmí ni. Ó ti rù. Wọ́n ti fá irun ẹ̀.

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú ìgbẹ́ àgùntàn. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ dárí jì mí."

"Dìde," ló wí. Ohùn ẹ̀ ò lọ sókè. "Ọjọ́ mẹ́rìndínlógún ni mo lò níbẹ̀. Ọmọ mi kékeré ò mọ̀ mí mọ́ nígbà tí mo délé. Mi ò dárí jì ẹ́. Mi ò mọ̀ bóyá màá dárí jì ẹ́ láéláé."

"Mo mọ̀, ẹ̀gbọ́n."

"Ìyàwó Ṣeun ń bọ̀ láti ilé. Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n máa pe ẹjọ́ ọkọ ẹ̀. Wọ́n ní wọ́n ti ń dẹ́rù bà ẹ́. Mo fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu ẹ: ṣé o ń bọ̀ àbí o ò bọ̀?"

Àwọn àgùntàn ń ké. Àwọn tó ń nájà ń tì wá síwá sẹ́yìn. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì, bóyá ẹnìkan ń ṣọ́ wa. Mi ò mọ̀. Mi ò lè mọ̀.

"Mò ń bọ̀, ẹ̀gbọ́n."

"Má pè mí ní ẹ̀gbọ́n," ni Jọláyẹmí wí. "Ṣáà wá."

Ọ̀la ni Ọjọ́bọ̀.